Fìtílà Igi Tí Ọnàfowókàn Yí fún Ọmọ Tí Odò Gbé Lọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó rí ibi jókòó sí kó jókòó, ẹni tí kò rí kó fi gìgísẹ̀ ara rẹ̀ ṣe ìjókòó. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe kó hú u tán nísinsìnyí, nítorí ibi tí mò ń mú yín lọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mo gba ẹnu sọ. Ẹ kúkú mọ̀ mí. Ẹfọ̀n mọ́kànlá ni mo ti rán lọ sọ́run, ẹkùn méjì sì wà tí ìyàwó wọn di opó nítorí mi. Àwọn ìwo tí ẹ ń rí lẹ́nu ọ̀nà mi yẹn, n kò rà wọ́n lọ́jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ara mi ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò pa ẹran kankan rí ju adìẹ ọdún lọ. Kò mọ igbó, kò mọ oògùn, bí ejò bá sì wọ ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní í pè. Síbẹ̀ ó dé ibi tí èmi kò dé. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ ọ́ fún mi, kò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀.

Ọnàfowókàn ni orúkọ rẹ̀, ará Òkìtì-Ayùn, ìlú kan tó wà létí odò Ọ̀gbun. Iṣẹ́ igi ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú iṣẹ́ igi tí ẹ mọ̀, tí a ń fi àáké àti ẹdùn ṣá igi. Igi yíyí ló ń ṣe. Àlejò Tápà kan ló kọ́ bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì kọ́ ọ. Òpó kúkúrú méjì ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n dojú kọ ara wọn, irin ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan sì wà lórí wọn. Láàrin irin méjèèjì ni wọ́n ń há igi sí. Wọn a wá wé okùn awọ mọ́ igi náà lára. Orí okùn wà lára ẹ̀ka kan tí wọ́n tẹ̀ ba lókè, ìdí rẹ̀ sì wà lára pákó kan nílẹ̀. Bí Ọnàfowókàn bá fi ẹsẹ̀ tẹ pákó, igi á yí bìrí. Bó bá gbé ẹsẹ̀, ẹ̀ka á fà á padà. Yóò wá fi irin ẹnu mímú kan igi tó ń yí yìí, èérún rẹ̀ á sì máa já bọ́, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, títí ohun tó jókòó sínú igi yóò fi yọjú síta. Ẹsẹ̀ àpótí, ọ̀pá àga, abọ́ olómorí, gbogbo rẹ̀ ló ń yí. Ẹ̀rọ ìyígi yìí nìkan ni irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè wọn.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá ọmọ, kí ọmọbìnrin kan tó dé, tí wọ́n sọ ní Ìbídùn. Láti ọjọ́ ìkómọ ni Ọnàfowókàn kò ti pe ìyàwó rẹ̀ ní Àwẹ̀ró mọ́. Ìyá Ìbídùn ló ń pè é, Baba Ìbídùn ni òun náà sì ń pè é, bí ẹni pé wọn kò ní orúkọ kan tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Nígbà tí Ìbídùn di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ní ìgbà òjò, Ọnàfowókàn ń yí ẹsẹ̀ àga fún ìjòyè kan. Àdín tó fi ń pa igi lára kó lè máa dán tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú ti ń bí i, nítorí ìjòyè náà ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó pe ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ìbídùn, sọdá sí òdìkejì, lọ ra àdín wá fún mi. Má pẹ́ o."

Ọmọ náà lọ. Ọkọ̀ tó wọ̀ kún, odò kún, igi kan tí omi ń gbé bọ̀ sì kọlu ọkọ̀ náà láàrin odò. Ẹni mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti rí òkú ẹni méje. Wọn kò rí ti Ìbídùn.

Àwọn àgbà sọ pé kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó nù lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú mọ ibi tí yóò kọjú sí sunkún. Ọnàfowókàn kò mọ̀. Ó pa iṣẹ́ tì, eku sì jẹ okùn ẹ̀rọ rẹ̀ já. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni ó ń lọ jókòó létí odò. Àwẹ̀ró kò bá a jà. Kò bi í léèrè ìdí tó fi rán ọmọ jáde nínú òjò, kò wí fún un pé ìwọ lo pa á. Oúnjẹ ló ń gbé fún un, tí ó sì ń gbé e kúrò bí kò bá jẹ ẹ́. Ọnàfowókàn sọ fún mi pé ì bá dùn mọ́ òun bí ó bá bú òun.

Bàbá kan wà tí ó ń tu ọkọ̀, Lánihùn ni orúkọ rẹ̀, àgbà tí irun àyà rẹ̀ ti funfun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó wá jókòó ti Ọnàfowókàn.

Ó ní, "Ṣé ò ń gbọ́ ọ?"

Ọnàfowókàn ní, "Mò ń gbọ́ ohùn kan, bàbá. Mo rò pé orí mi ló ti ń dàrú."

"Orí rẹ kò dàrú. Ogójì ọdún rèé tí èmi náà ti ń gbọ́ ti àbúrò mi. Ẹni tí odò gbé tí a kò rí òkú rẹ̀, a kò tan iná sí i lórí, kò sì rí ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀run. Ìlú Ìdúródè ni wọ́n jókòó sí. Òkùnkùn ni ibẹ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀, omi ń ro lára wọn, wọ́n ń retí ẹni tí yóò gbé fìtílà wá."

"Kí ló dé tí ẹ kò gbé e lọ fún àbúrò yín?"

Lánihùn tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Mo gbé fìtílà amọ̀ lọ. Ọ̀rinrin ìlú yẹn yọ́ ọ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó dé ẹnu ibodè. Ti irin dípẹtà láàrin ìṣẹ́jú kan. Igi nìkan ló lè dé ibẹ̀, igi tí wọ́n yí tí kò ní ojú ìsopọ̀ kankan lára. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, ìwọ tí o mọ igi: fìtílà igi wo ni iná yóò wà lórí rẹ̀ tí kò ní jó o?"

Ọnàfowókàn ní, "Kò sí irú igi bẹ́ẹ̀ nínú igbó wa."

"Mi ò wí pé nínú igbó wa," ni Lánihùn wí. "Àìjóná ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn Igbó Àìwẹ̀yìn ni ó wà. Èmi kò mọ bí a ṣe ń yí igi, ìyẹn ni n kò fi lọ."

Ọnàfowókàn délé, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró ń ṣa ẹ̀wà, kò sì gbé orí sókè.

Ó ní, "Baba Ìbídùn, bí ẹ bá lọ tí ẹ kò bọ̀, ẹni méjì ni mo pàdánù."

Ó ní, "Ìyá Ìbídùn, bí mo bá jókòó síbí, ṣé o rò pé mo wà níbí?"

Àwẹ̀ró ṣa ẹ̀wà náà tán. Ó dìde, ó di àádùn sínú ewé, ó wá ìgò àdín kékeré kan, ó ran òwú fìtílà, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò fún un pẹ̀lú ìṣáná. Ọnàfowókàn mú irin ìyígi rẹ̀ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kúrò nílé, kò kí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo mọ Igbó Àìwẹ̀yìn. Àwọn igi ibẹ̀ kò ní òjìji. Ẹyẹ ibẹ̀ ń fò, ṣùgbọ́n wọn kì í dún. Ní ẹnu igbó náà, obìnrin arúgbó kan jókòó tí ó ga tó ẹni mẹ́ta tó gun ara wọn léjìká, ó ń ṣa ewé gbígbẹ nílẹ̀, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ rán wọn padà mọ́ orí igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, òun ni yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá rí i dá lóhùn yóò dúró síbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi yọ ewé, ìyá náà yóò sì ní igi kan sí i láti máa tọ́jú.

Ó wo Ọnàfowókàn. Ó ní, "Kí ni ó ń jẹ ìyá rẹ̀ kó tó lè mọ́lẹ̀?"

Ọnàfowókàn ní, "Iná ni, ìyá. Igi ló bí i."

"Ta ni ó ń bá ọ sùn lórí ẹní, tí ó máa ń jí ṣáájú rẹ, tí o kò sì lè lé jáde?"

"Ìbànújẹ́ ni. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí a jọ ń gbé."

Ìyá náà rán ewé kan, ó fi eyín já òwú rẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Ọmọ mélòó lo ní?"

Ẹsẹ̀ Ọnàfowókàn wúwo. Bí ó bá ní ọ̀kan, ọ̀kan náà kò sí nílé. Bí ó bá ní òun kò ní, òun alára ti fi ẹnu sin ọmọ rẹ̀. Ó wo àwọn igi tó yí i ká, ó sì rí i pé ojú ènìyàn wà lára èèpo wọn: àwọn tó ti wí pé "ọ̀kan," àti àwọn tó ti wí pé "kò sí."

Ó ní, "Ìyá, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Ìyá náà wò ó pẹ́. Ó wá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní, "Kọjá. Má wẹ̀yìn."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni èmi Ọdẹ́jìnmí ti padà. Ẹtu kan ni mò ń lé, tí mo fi dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn. Ó bi mí pé ẹran mélòó ni mo ti pa láyé mi. Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi lẹ́nu ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n fún un, mò ń fi ìka mi kà á, nígbà tí mo sì bojú wo ìka náà, ewé ti ń yọ lórí rẹ̀. Eré tí mo sá lọ́jọ́ náà, ẹtu tí mò ń lé kò sá irú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo àpá rẹ̀ lórí ìka mi kó wá wò ó lọ́la tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká máa bá Ọnàfowókàn lọ. Ó la igbó náà já, ó dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àìparí. Àwọn ará ibẹ̀ lawọ́, wọ́n sì ní ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ilé wọn kò ní òrùlé ju ìlàjì lọ. Ìkòkò wọn kò ní ìdí. Aṣọ wọn kò ní apá kejì. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, wọn a já a sí àárín, wọn a sì bọ́ sórí òmíràn. Ọkùnrin onínúure kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo fà á lọ́wọ́ wọlé.

Ó ní, "Àlejò, jókòó. A mọ ohun tí ó ń ṣe ọ. Gbogbo wa la ní ohun kan tí a ń ṣe fún ẹnì kan, kí ó tó di pé... Bí o kò bá parí rẹ̀, kò ní parí. Ṣé ó yé ọ? Níwọ̀n ìgbà tí o kò bá gbé fìtílà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣì ń retí rẹ. Níwọ̀n ìgbà tó bá sì ń retí rẹ, o ṣì ní..."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọnàfowókàn lára. Ó lò tó ọjọ́ méje ní Àìparí. Ó sọ fún mi pé ibẹ̀ nìkan ni òun ti sùn tẹ́rùn láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dànù. Wọ́n fún un ní igi àti ẹ̀rọ ìyígi, ó ń yí ẹsẹ̀ àga tí kì í ní èkejì, inú rẹ̀ sì ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ keje ó gbọ́ tí obìnrin kan ń kọ orin ìrẹmọ́lẹ́kún fún ọmọ rẹ̀ ní ilé kejì. Orin náà dé àárín, ó dúró. Ọmọ náà sì ń sunkún, ó ń retí ìyókù orin, ìyókù kò dé. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni ọmọ náà ń sunkún. Ọnàfowókàn dìde, ó kó irin rẹ̀, ó sì jáde. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan náà sìn ín dé ìlàjì ọ̀nà.

Ọjọ́ kejì ló dé ọ̀dọ̀ Ayíbírí. Iwin ni Ayíbírí, àgbàlá rẹ̀ sì ni igi Àìjóná wà, ẹyọ kan ṣoṣo, dúdú, tí kò ní ewé. Orí Ayíbírí kì í dúró lọ́rùn rẹ̀. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí igi ṣe ń yí lórí ẹ̀rọ. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá yí dé ọ̀dọ̀ ẹni nìkan ni a lè bá a sọ̀rọ̀, bó bá sì ti kọjá, a ó dúró títí yóò fi tún yí dé. Ẹ̀rọ ìyígi kan wà níwájú ilé rẹ̀, tó fi egungun ẹranko ńlá kan ṣe òpó.

Ọnàfowókàn dúró títí ojú fi dé. Ó ní, "Ẹ kú ilé o. Igi yín ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Mo fẹ́ yí fìtílà kan."

Ojú kọjá lọ. Ó dúró. Ojú padà dé.

Ayíbírí ní, "Inú eérú ni igi yìí ti hù. Ó ti jóná tán kí ó tó yọ, ìyẹn ni iná kò fi ní ohun tí yóò tún gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lè gé e fún ọ. Ṣùgbọ́n gbẹrẹfu ni. Kò ní omi lára, ẹni tí ó bá ń yí i ni ó ń fà mu. Bí èérún kan bá já bọ́ lára rẹ̀, ohun kan tí o mọ̀ nípa ẹni tí o ń yí i fún yóò já bọ́ lára ìwọ náà. Ìgbà tí o bá fi parí, fìtílà yóò mọ ọmọ rẹ. Ìwọ kò ní mọ̀ ọ́n mọ́."

Nígbà tí ojú náà fi yí lọ tí ó sì yí bọ̀, Ọnàfowókàn ti mọ ohun tí yóò wí. Ó ní, "Ẹ gba ẹsẹ̀ mi kan. Ẹ gba ojú mi kan."

"Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe?" ni Ayíbírí wí, ó sì nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹsẹ̀ àti ojú pọ̀ sí bí òkìtì àgbàdo. "Àwọn baba mìíràn ti wí bẹ́ẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn nítorí wọn kò yé bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n igi kò gbà á."

Ọnàfowókàn jókòó sí ìdí igi náà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹlẹ́kún sunkún ó bá tirẹ̀ lọ. Aláròpa ni kì í dákẹ́. Ohun tó rò ni pé, ta ni ìrántí yìí wà fún? Bí òun bá mú un lọ sílé, òun ni yóò máa gbádùn rẹ̀, ọmọ yóò sì jókòó sínú òkùnkùn. Ó dìde. Ó há igi náà sáàrin irin méjèèjì, ó wé okùn mọ́ ọn, ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èérún àkọ́kọ́ já. Aṣọ aláró tí Ìbídùn fẹ́ràn láti máa ró, ó lọ. Ó mọ̀ pé aṣọ kan wà, kò mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Èérún kejì, ẹ̀kẹta. Bí ó ṣe ń pe ẹran ilé wálé, ó lọ. Àìsàn tó ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, tí bàbá rẹ̀ gbé e lẹ́yìn dé ilé oníṣègùn lábẹ́ òjò, ó lọ. Ọnàfowókàn fẹ́ rẹ́ igi náà jẹ. Ó ń jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn, kí èérún rẹ̀ má baà pọ̀. Ojú Ayíbírí yí dé.

Ó ní, "Bí o bá jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn báyìí, odó lo yí, kì í ṣe fìtílà. Kò ní gba epo tí yóò tó ìrìn ọmọ náà."

Ó tún ọwọ́ mú. Ó yí ìdí rẹ̀ kí ó lè dúró, ó yí ọrùn rẹ̀ kí ọwọ́ ọmọdé lè gbá a mú, ó yí orí rẹ̀ bí abọ́ kékeré, ó sì gbẹ́ inú rẹ̀ fún epo. Ọjọ́ tí wọ́n bí Ìbídùn lọ, pẹ̀lú ohùn agbẹ̀bí tó ní kí ó wọlé wá wò ó. Ojú rẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wá ń dì mú. Ó ń pè é sókè bó ṣe ń tẹ pákó, Ìbídùn, Ìbídùn, títí tí ọ̀rọ̀ náà fi di ìró okùn lásán, tí kò sì mọ ìdí tí òun fi la ẹnu mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ó rántí pé òun rán ọmọ kan níṣẹ́, pé òun fi ìbínú rán an, àti pé ọmọ náà kò bọ̀. Ó ń retí kí ìyẹn náà já bọ́. Ó fi irin kan igi, èérún já, kò lọ. Ó tún fi kàn án. Kò lọ. Ó fẹ́ fi irin kàn án lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí Ayíbírí gbá a lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Dúró. O ti fẹ́ lu ìdí rẹ̀."

"Ó ku ọ̀kan."

"Ìyẹn kì í ṣe ti ọmọ náà," ni Ayíbírí wí. "Tìrẹ ni. Igi mi kì í mu tìrẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú mi, mo ti rí ẹfọ̀n tí ìbọn bà tí kò kú. Mo mọ bí ojú rẹ̀ ṣe ń rí. Nígbà tí Ọnàfowókàn ń sọ ibi yìí fún mi, mo bojú wo ilẹ̀.

Ayíbírí tọ́ka ọ̀nà hàn án, ó sì kìlọ̀ fún un pé fìtílà náà kò ní gba iná àfi níwájú ẹni tó ni ín. Ọ̀nà náà ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ó ṣe ń sọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù, tí ara ń tutù, títí kò fi rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ló gbọ́ ìró omi tó ń kán, tó, tó, tó, níbi púpọ̀. Ó ti dé Ìdúródè.

Ohùn kan ní, "Ẹsẹ̀ ta nìyẹn?"

Ọnàfowókàn ní, "Mo gbé fìtílà wá."

Ìró ìdìde gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọwọ́ tútù ń kan aṣọ rẹ̀ láti apá ọ̀tún àti apá òsì. "Bàbá, èmi ni." "Èmi ni ẹ gbé e wá fún." "Ọkọ mi, ṣé ìwọ ni?" Ohùn àgbà wà níbẹ̀, ohùn ọmọdé wà níbẹ̀, àwọn kan sì ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara mọ́. Ọnàfowókàn kò ní orúkọ tí yóò pè, kò mọ ohùn tí yóò dá mọ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló lò.

Ó ní, "Mo rán ọmọ kan níṣẹ́. Ta ni mo rán?"

Gbogbo wọn ní, "Èmi ni."

"Kí ni mo rán an?"

Ẹnì kan ní iyọ̀. Ẹnì kan ní omi. Ẹnì kan ní pé kí òun lọ pe ìyá òun. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan wá láti ìsàlẹ̀, bí ohùn ẹni tí kò dìde nílẹ̀ rárá.

Ó ní, "Àdín ni. Ẹ fẹ́ fi pa ẹsẹ̀ àga. Ẹ ní kí n má pẹ́."

Àwọn ọwọ́ tútù náà fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ohùn náà ní, "Mo pẹ́, bàbá. Ẹ má bínú."

Ọnàfowókàn wólẹ̀ síbẹ̀. Ó wá ìgò nínú àpò, ó da àdín sínú fìtílà, ó ki òwú bọ̀ ọ́. Ó ṣá iná lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ó tó mú. Iná gbà. Igi náà kò jó. Ó gbé e sókè, ó sì rí ojú ọmọdébìnrin kan, ojú tó rẹwà, tí omi ń ṣàn lára irun rẹ̀, ojú tí kò rí rí láyé rẹ̀.

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo bí bàbá rẹ̀ ṣe ń wo òun, ẹ̀rín náà sì kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kò mọ̀ mí mọ́."

"Fìtílà ló gbà á," ni Ọnàfowókàn wí. "Gbogbo rẹ̀ ló gbà. Iṣẹ́ tí mo rán ọ nìkan ló kù."

"Ìyẹn ni ì bá kúkú gbà." Ọmọ náà nawọ́ gba fìtílà, ọrùn fìtílà náà sì bá ọwọ́ rẹ̀ mu rẹ́gí. "Bàbá, ọkọ̀ yẹn ti kún kí n tó dé ibẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró de èyí tó ń bọ̀. Èmi ni mo fi tipá wọ̀ ọ́."

Ọnàfowókàn ní, "Mo gbọ́." Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tù ú nínú.

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Ẹ bá mi kí i."

Ọmọ náà dìde. Bí ó ṣe gbé fìtílà sókè ni ọ̀nà kan hàn lẹ́yìn ìlú, ọ̀nà funfun tó gun òkè lọ, tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i. Ó bọ́ síwájú. Àwọn ìyókù tò tẹ̀lé e, arúgbó, ọmọ ọwọ́, apẹja tó ṣì di àwọ̀n mú, wọ́n tò lọ gbọọrọ. Ọkùnrin kan tó jọ Lánihùn ní iwájú orí wà nínú wọn. Ọnàfowókàn fẹ́ pe ọmọ náà kó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Kò rí orúkọ pè. Ó dúró síbẹ̀ títí iná náà fi rí bí ìràwọ̀, tí kò sì sí mọ́.

Bí ó ṣe padà, kò lè sọ. Ó ní òun kàn ń rìn ni, kò sì sí ẹni tó dá òun dúró.

Àwẹ̀ró ń ro ẹ̀kọ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tó wọlé. Ó rí i, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Baba Ìbídùn, ẹ kú àbọ̀."

Ọnàfowókàn bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń kí.

Omorogùn dúró lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ ní, "Àwẹ̀ró, mo bá a. Ó ti rí ọ̀nà lọ. Ó ní kí n kí ọ."

Obìnrin náà ní, "Àwẹ̀ró lẹ pè mí."

"Ṣé kì í ṣe orúkọ rẹ ni?"

Ọnàfowókàn jókòó, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀kọ jóná sórí iná, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó parí, Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó wọ yàrá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá a sọ̀rọ̀, nítorí òun nìkan ló wá kù láyé tí ọmọ náà wà lọ́kàn rẹ̀, ẹrù ẹni méjì sì ṣòro fún ẹnì kan gbé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó gbé ìjókòó wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni mo bí i. Ó kọ́kọ́ kọ ọmú."

Ọnàfowókàn tẹ́tí sí i bí ẹni tí wọ́n ń ròyìn ọmọ ará ibòmíràn fún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ṣé ó fẹ́ràn mi?"

Àwẹ̀ró rò ó dáadáa kí ó tó fèsì. Ó ní, "Ó máa ń bẹ̀rù ohùn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jáde, ìgbà tí ẹ máa dé ló máa ń bi mí."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ ọ́ fún un, díẹ̀ lójúmọ́.

Mo yà síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ọnàfowókàn ti darúgbó, ó ṣì ń yí ẹsẹ̀ àga. Àlejò kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ọnàfowókàn sì ń sọ̀rọ̀ Ìbídùn fún un, bó ṣe gbọ́n tó, bí iṣu gbígbóná ṣe jó o lọ́wọ́ ọ̀tún nígbà tó wà ní kékeré tí kò sì ké.

Àwẹ̀ró wí láti inú ilé ìdáná pé, "Ọwọ́ òsì ni."

Ọnàfowókàn ní, "Ọwọ́ òsì ni," ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.

Ibi tí mo bá ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí dé nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. N kò ní fi irọ́ gùn ún. Òjò ti ń ṣú ní apá ìlà-oòrùn. Ẹ máa lọ sílé kí ó tó ká yín mọ́ ọ̀nà.